Ọ̀já tí A Sè Nínú Ìkòkò Abẹ́rẹ́

Bí ọ̀dọ́ kan bá tọ̀ mí wá nílé mi ní Ìlọrà, tí ó ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, n kì í bi í bóyá ó mọ ìṣirò, n kì í sì í bi í bóyá ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń bà á. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé, "Ǹjẹ́ o lè gbọ́ ẹkún ọmọdé kí o má bínú sí ọmọ náà?" Ọ̀pọ̀ wọn a rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò rẹ́rìn-ín ni mo máa ń fi àga lọ̀. Nítorí irú wọn ni mo ṣe jókòó láti kọ ìtàn iṣẹ́ tí mo ṣe títí irun mi fi di funfun, iṣẹ́ títọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké tí àrùn jẹjẹrẹ mú.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, níbi tí wọ́n ti fi pàṣán kọ́ wa bí a ti í dúró, bí a ti í jókòó, àti bí a ti í kọ̀wé láìta yíǹkì sílẹ̀. N kò kábàámọ̀ ọ̀kankan nínú pàṣán náà. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé òmìnira, ilé ìwòsàn kan tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ gbà mí síṣẹ́. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó ṣe fújà. Ọ̀rọ̀ ìyẹn parí.

Ẹni tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ìyáàfin Morẹ́nikẹ́, nọ́ọ̀sì àgbà tí ń bójú tó wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Sísítà ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kò sì ga, ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ ní ẹnu ọ̀nà, àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ a nà tantan bí ọ̀pá àṣíá. Ní ìgbà náà, abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń lò tí a ń sọ nù. Èyí tí a bá lò lónìí, a ó fọ̀ ọ́, a ó pọ́n ọn lórí òkúta, a ó sè é nínú ìkòkò rẹ̀ lórí sítóòfù, a ó sì tún lò ó lọ́la. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, n kò fi ọwọ́ kan ọmọ kankan. Abẹ́rẹ́ ni mo ń pọ́n.

Sísítà yóò mú òwú díẹ̀, yóò fa ẹnu abẹ́rẹ́ tí mo pọ́n kọjá lórí rẹ̀. Bí fọ́nrán òwú kan ṣoṣo bá tẹ̀lé e, yóò dá abẹ́rẹ́ náà padà sínú abọ́ mi.

"Tún un pọ́n."

"Sísítà, ojú mi kò rí ohun tí ó ṣe é, mà."

"Òwú rí i. Ohun tí ó bá fa òwú, yóò fa ẹran ara ọmọ. Tún un pọ́n."

Kò sì tán síbẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń parí, yóò tò wá sórí ìlà, olúkúlùkù yóò na apá rẹ̀, yóò sì fi abẹ́rẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ pọ́n fa omi sí ara rẹ̀. "Ẹni tí ó se ọbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò," ni Sísítà máa ń wí. Ọ̀kan nínú wa kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé baba rẹ̀ ní Awẹ́ nítorí èyí. Èmi dúró. Mo ní ìgbéraga díẹ̀ nígbà náà, mo ṣì ní in títí di òní, nítorí láàárín oṣù mélòó kan, abẹ́rẹ́ mi kò fa òwú kankan mọ́.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ mímú nìkan kọ́ ni ìtọ́jú. Òfin ilé ìwòsàn wa ní ìgbà náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ibi púpọ̀, ni pé kí òbí dúró síta bí a bá fẹ́ ṣe ohun tí yóò dun ọmọ. A ó fi aṣọ ibùsùn funfun dì í, ẹni méjì yóò di ẹsẹ̀ mú, ẹnìkan yóò di orí mú, Dókítà yóò sì yára ṣe é. Àwọn ìyá náà ní irọ́ tiwọn. Wọn a ní, "À ń lọ kí bàbá rẹ," wọn a ní, "Kò ní dùn ọ́ rárá." Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti ọmọdé kì í tilẹ̀ tó ọjọ́ kan. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, òtítọ́ ti bá a.

Ọdún kejì mi ni wọ́n gbé ọmọbìnrin kékeré kan, Rábí, wá láti Fìdítì. Kò tíì tó ilé-ìwé í lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wú débi pé ojú kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, eyín rẹ̀ sì ń mì. Wọ́n ti rò pé akokoro ni, wọ́n ti fi oríṣiríṣi àgbo fọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ń tọ́ ìkókó lọ́wọ́, nítorí náà ìyá bàbá rẹ̀ ni ó gbé e wá, obìnrin kan tí ń ta ọsàn fún àwọn èrò ọkọ̀ ní ẹ̀bá títì, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ọlọ́sàn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn kan wọ wọ́ọ̀dù, ó pín in fún gbogbo aláìsàn, lẹ́yìn náà ni ó tó sọ ohun tí ó gbé e wá.

Dókítà wa, ọkùnrin gíga kan tí ó máa ń tẹrí ba kí ó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé, sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni. Ó ní oògùn rẹ̀ wà, láti Ìbàdàn ni wọn yóò ti máa fi ránṣẹ́. Oríṣi méjì ni: a ó fa ọ̀kan sí iṣan apá. A ó fa èkejì sí inú omi tí ó wà ní ọ̀pá ẹ̀yìn, kí àrùn náà má baà gun orí lọ. Ó ní kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn oògùn náà yóò máa wáyé léraléra fún oṣù mélòó kan, ìbáà jẹ́ pé ìwú ti lọ, nítorí ohun tí ó kù sínú lè tún jí.

Ìwú náà sì lọ. Ó yọ́ bí iyọ̀ tí omi kàn. Àwọn ará Fìdítì tí wọ́n wá wò ó ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ní, "Ọlọ́run tóbi." Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń sàn ni ẹ̀rù ọmọ náà ń pọ̀ sí i. Bí a bá gbé e wọ yàrá abẹ́rẹ́, igbe rẹ̀ a máa kan ẹnu géètì. Ìyá Ọlọ́sàn kò lè wọlé, ṣùgbọ́n fèrèsé kan wà. Yóò lọ dúró níbẹ̀ lóde, yóò sì gbé oríkì ọmọ náà lé ẹnu:

"Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́ mi, ọmọ ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́! Àṣàkẹ́, rọra, èmi rèé!"

Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Bí ọmọ Yorùbá bá ń sunkún, oríkì rẹ̀ ni a fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Àwa tí a wà nínú náà rò pé ìrànlọ́wọ́ ni. Ọmọ náà ń gbọ́ ohùn ìyá àgbà rẹ̀, kò rí i, abẹ́rẹ́ sì ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọjọ́ tí ohun gbogbo bàjẹ́, ọjọ́ oògùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni. A ti dì í. Dókítà ti ní kí a tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ kí egungun ẹ̀yìn lè là, ṣùgbọ́n ńṣe ni Rábí na ara rẹ̀ gbọnrangandan bí igi. Bí Ìyá Ọlọ́sàn ti pe "Àṣàkẹ́" lóde, ọmọ náà fò sókè pẹ̀lú agbára tí a kò mọ̀ pé ó ní. Ó bu ẹni tí ó di orí rẹ̀ mú jẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan já, ó gbá àwo. Sírínjì onígíláàsì fọ́ sílẹ̀. Oògùn tí ó ti Ìbàdàn wá dà sórí sìmẹ́ńtì, kò sì sí òmíràn lọ́wọ́.

Ìyá Ọlọ́sàn gbọ́ bí gíláàsì ti fọ́. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó tú aṣọ tí a fi di ọmọ rẹ̀, ó gbé e, ó sì lọ.

Ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n padà wá dé, a kò rí wọn. Oògùn mìíràn ti dé láti Ìbàdàn, ó wà nínú fíríìjì. Dókítà ń wo ẹnu ọ̀nà. Ní òwúrọ̀ kan ó sọ fún Sísítà pé bí a bá jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà kọjá, ohun tí ó ti lọ yóò padà, kò sì ní gbọ́ oògùn bí ti àkọ́kọ́ mọ́. Sísítà pè mí.

"Ìwọ ọmọ Ìlọrà, o mọ Fìdítì. Wọ mọ́tò kí o lọ mú ọmọ náà wá."

Mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Làsísì, bàbá Rábí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni. Ó kí mi dáadáa, ó gbé àpótí fún mi, lẹ́yìn náà ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Ó ti pẹlẹbẹ. Kí ni ẹ tún ń wá nínú ara rẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá Rábí, bí ẹ bá gé orí koríko lóko, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nílẹ̀, ṣé oko ti mọ́?"

"Kò mọ́. Bí òjò bá rọ̀, á tún hù."

"Ohun tí Dókítà wí nìyẹn, sà."

Ìyá Ọlọ́sàn tí ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni ó dáhùn.

"Ọmọ Ìlọrà, ẹnu rẹ dùn ju ọsàn ìlú yín lọ, n ò sì bá yín jà nítorí oògùn. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ẹ fi ọmọ mi dà." Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó pe ọmọ náà pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń pe ẹni tí ó sùn: "Àṣàkẹ́."

Rábí ń ṣeré lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú èèpo ọsàn. Bí ó ti gbọ́ ọ, ó ju èèpo náà nù. Kò sá. Ó fi ẹ̀yìn ti ara ògiri, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pinpin, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ìbàdí rẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ ti máa ń wọlé. Ìtọ̀ ń ṣàn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Oríkì tí wọ́n fi kí i káàbọ̀ sáyé ti di ejò sí i létí.

"Láràárọ̀ ni mo máa ń fi kí i," ni Ìyá Ọlọ́sàn wí, omi sì lé sí i lójú. "Ní báyìí, mo máa ń kí i bí àlejò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ sàn. Ta ni yóò wo èyí sàn?"

Mo dìde láti sún mọ́ ọmọ náà. Rábí wá rí aṣọ funfun mi, ó sì fi igbe ta. Ìyá àgbà rẹ̀ dìde, ó nawọ́ fa ọ̀já kan tí ó wà lórí okùn, ó tẹ̀ba, ọmọ gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó so ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó díẹ̀díẹ̀ láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì.

"Ọmọ ńlá báyìí!" ni Làsísì wí. "Màmá, ẹ̀yìn yín á kán."

"Bí ó bá kán, ìwọ ni yóò pọ̀n mí."

Igbe náà dákẹ́. Mo wo ọmọ náà lábẹ́ ọ̀já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ká kọrọdọ bí èèpo ọsàn. Ohun tí àwa àgbàlagbà mẹ́ta fi agbára wá títí tí a kò rí, òun nìyí, tí ọmọ fi ìfẹ́ inú rẹ̀ ṣe. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Mo ní, "Ìyá, bí ẹ bá jókòó lórí àpótí, tí ẹ yí i sí àyà yín, tí ẹ so ó bẹ́ẹ̀, ṣé yóò dúró?"

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé wọn yóò jẹ́ kí n wọlé?"

"Wọn yóò jẹ́ kí ẹ wọlé."

"Ẹnikẹ́ni kò sì ní purọ́ fún un mọ́?"

"Ẹnikẹ́ni kò ní purọ́."

Mo ṣe ìlérí náà láìní àṣẹ kankan. Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà, Rábí sùn lẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀. Èmi ni n kò rí ara gbé sí.

Sísítà gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán láìmi ìpéǹpéjú.

"Ta ni ó fún ọ láṣẹ láti sọ pé òbí yóò wọ yàrá?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni, mà."

Ó yíjú sí Ìyá Ọlọ́sàn. Ó wo ọmọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ọ̀já náà pẹ́ gan-an, nítorí ó dọ̀tí, eruku títì Fìdítì wà lára rẹ̀. Mo rò pé ó máa lé wa síta.

"Lọ se ọ̀já yẹn," ni ó wí fún mi. "Ìkòkò abẹ́rẹ́ ni kí o lò. Bí ó bá ti hó, jẹ́ kí ó pẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀já ṣe wọ inú ìkòkò tí irin nìkan ti ń wọ̀. A sá a gbẹ nínú aṣọ mímọ́. A wẹ Ìyá Ọlọ́sàn lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, a da aṣọ funfun bò ó. Ó jókòó lórí àpótí, Rábí jókòó sí itan rẹ̀, àyà kan àyà, ẹsẹ̀ ọmọ yí ìbàdí rẹ̀ ká. A so ọ̀já náà sókè díẹ̀, kí ibi tí Dókítà ń wá lè ṣí sílẹ̀. Èmi kúnlẹ̀ níwájú ojú ọmọ náà, mo bọ́ fìlà nọ́ọ̀sì mi.

"Rábí, abẹ́rẹ́ ni a fẹ́ gún ọ. Yóò dùn ọ́. Yóò ta ọ́ bí ìgbà tí ìjàlọ bá bu ni jẹ. Ké bí o bá fẹ́ ké, ṣùgbọ́n má mira. Bí mo bá ní ó tán, ó tán nìyẹn."

"Ṣé òótọ́?"

"Òótọ́ ni."

Ohun kan kù tí a kò rò. Dókítà ga jù. Bí ó bá dúró, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gún régé. Bí ó bá jókòó, orúnkún rẹ̀ kò gba ibì kan. Ó wo Sísítà, Sísítà wò ó. Ni ọkùnrin ńlá náà bá kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì lẹ́yìn ọmọ.

Ìyá Ọlọ́sàn yọjú wò ó lórí èjìká Rábí. "Háà, Dókítà ọmọ mi! Ìdọ̀bálẹ̀ ni ti ọkùnrin. Ta ní kọ́ yín ní ìkúnlẹ̀?"

Dókítà ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ-ọmọ yín ni. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, ta ni yóò gún un?"

Sísítà, ẹni tí n kò rí eyín rẹ̀ rí, fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín Ìyá Ọlọ́sàn ń mi ọmọ tí ó wà láyà rẹ̀, mo sì rí i tí èjìká Rábí rọ̀ wọ̀ọ̀. Dókítà fi sípíríìtì nu ibẹ̀, ó ní, "Ó ń bọ̀." Ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀kan, igbe gidi, ó fi eyín di aṣọ ìyá àgbà rẹ̀ mú. Kò mira. Ẹnikẹ́ni kò pe Àṣàkẹ́.

"Ó tán," ni mo wí.

Ó gbójú sókè láti wò bóyá mo purọ́. Ó rí Dókítà tí ń dìde, tí ó ń gbọn eékún ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ bó ọsàn fún mi."

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti iṣan apá, ẹ̀yìn ni a ń pọ̀n ọ́n sí, yóò sì na apá tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn jáde. A bá Ìyá Ọlọ́sàn ṣe àdéhùn pé oríkì kò gbọdọ̀ wọ ọgbà ilé ìwòsàn mọ́. Ó pa àdéhùn náà mọ́, bí ó tilẹ̀ ń dùn ún. Nígbà tí oògùn ń parí lọ ni ó mú ìròyìn wá fún wa. Ó ní ní àárọ̀ kan, Rábí kúnlẹ̀ kí òun, kò sì dìde. Òun ní, "Rábí, o jí bí?" Ọmọ náà ní, "Kì í ṣe ìyẹn. Ẹ kí mi dáadáa." Ẹ̀rù ń ba òun, ni òun bá pè é ní Àṣàkẹ́ jẹ́jẹ́. Ó ní ọmọ náà kàn ń wo òun lẹ́nu bí ẹni tí ń jẹun.

Kì í ṣe gbogbo àwọn ọmọ wa ni ó yè. N kò ní fi èyí pamọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Ní àwọn ọdún náà, àwọn tí a sin pọ̀, mo sì rántí ojú wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ọ̀já wa, wọn kì í bẹ̀rù wa mọ́ bí wọ́n ti ń lọ. Àwọn ìyá wọn di wọ́n mú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A ń fi ọwọ́ tiwa gún wọn, wọ́n ń fi ìgbọ́kànlé tiwọn ràn wá lọ́wọ́.

Irin iṣẹ́ yí padà lójú mi. Sírínjì onígíláàsì lọ, ti ike dé. Òkúta tí a fi ń pọ́n abẹ́rẹ́ di ohun tí a fi ń ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, ìpara kan dé tí a ó fi pa awọ ara, tí awọ náà yóò fi kú tipiri kí a tó gún un. Mo dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ìpara pa ọmọ lára, tí wọn kò bá a sọ̀rọ̀, tí ọmọ náà sì ń ké kí abẹ́rẹ́ tó jáde nínú ọ̀rá rẹ̀. Ìpara kì í pa ẹ̀rù.

Bí ẹ bá wá bi mí pé kí ni èrè iṣẹ́ náà, ọjọ́ kan ni n ó tọ́ka sí. Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni, lẹ́yìn tí Dókítà ti sọ pé Rábí kò ní gba abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyá Ọlọ́sàn ní dandan, èmi ni n ó bá òun sìn ín lọ sí ilé-ìwé ní Fìdítì. Tíṣà jókòó sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kí ó fi kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó, yóò padà sílé di ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń sunkún. Àìsàn ti mú kí Rábí kéré.

"Ìyá, ọmọ yìí kò tíì tó," ni tíṣà wí.

"Ẹ jẹ́ kí ó gbé ọwọ́ ná, tíṣà. Ojú kọ́ ni a fi ń wọn ọmọ."

Rábí gbé ọwọ́ kọjá lórí. Ìka rẹ̀ kan etí, ó sì kọjá etí, ó sinmi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tí ó ti pẹlẹbẹ. Tíṣà ní ó tó, kí ó wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dúró, ó ń wo pàṣán tí ó wà lábẹ́ abíyá tíṣà.

"Tíṣà, ṣé ó máa dùn mí?"

"Rárá o," ni tíṣà wí. "Kò sí ohun tí yóò dùn ọ́ níbí."

Rábí yíjú sí mi. Ìyá Ọlọ́sàn náà yíjú sí mi. Tíṣà pàápàá ń wò mí.

"Nígbà mìíràn, yóò dùn ọ́," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n kì í pẹ́."

Ó rò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gba ẹ̀gbẹ́ tíṣà kọjá, ó sì wọlé lọ jókòó.